Ìkòkò Tábà Oníṣùkù

Ọjọ́ tí Báyọ̀dé Ṣóbọ̀wálé lọ tọrọ Ṣeunfúnmi ní Ìgàndò, kò sí ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbé lọ́wọ́ àfi ìtìjú. Ìyẹn ti ń dúró dè wọ́n níbẹ̀.

Bàbá ọmọ ni olóògbé Simeon Fápohùndà, ará Èkìtì, wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Wolé-wolé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń yọjú wo ṣáláńgá onílé, tó ń ṣí ìkòkò omi àwọn ìyàwó ilé wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ìjọba gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti gba ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fi garawa omi sílẹ̀ láìdé ní òpópónà wọn, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ràn ju ìmọ́tótó lọ: ìkòkò tábà rẹ̀ dúdú, onígi, tí ọ̀gá rẹ̀ kan fi ta á lọ́rẹ. Báyọ̀dé mọ èyí, ó sì rò pé òun gbọ́n. Ó ránṣẹ́ sí Jésùtóbi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, pé kó bá òun wá ìkòkò tábà tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń yangàn. Ẹrù náà dé nínú páálí, wọ́n fi bébà tó ń dán wé e, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí. Báyọ̀dé wò ó, ó ní ta ni í tú ẹ̀bùn ẹlẹ́bùn? Ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ wa, a kì í tú ẹ̀bùn lójú ẹni tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n wolé-wolé kì í rí ohun tí wọ́n dé kó má ṣí i. Bàbá tú rìbọ́ọ̀nù, ó ya bébà, ó gbé ohun tó wà nínú páálí sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Kí ni eléyìí?"

"Ìkòkò tábà ni, sà. Láti Amẹ́ríkà."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Báyọ̀dé nàgà wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun náà máa rí i nìyẹn. "Ó… ó jọ ṣùkù àgbàdo, sà."

"Kò jọ ọ́. Òun ni." Bàbá wá kọjú sí bàbá Báyọ̀dé, ará Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ ló ń bá a jà láti kékeré. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí kò sí omi, tí kò sí bébà, kí ni wọ́n ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe lẹ́yìn ilé yín?"

Ìyá Báyọ̀dé fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"A fi ń nùdí ni," ni bàbá Báyọ̀dé wí.

Bàbá Wolé-wolé mi orí, ó rọra gbé ohun náà padà sínú páálí. "Òun ni ọmọ yín fẹ́ kí n máa fi sẹ́nu."

Wọ́n jẹun o, wọ́n gbàdúrà o, ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò fẹ́ dìde, ohun tí Bàbá sọ kò ju pé, "Ẹ ṣeun, a ó ránṣẹ́ sí yín." Kò sí Yorùbá tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n máa rán, wọn ò tíì bí i.

Ṣeunfúnmi ò sunkún. Ó pe Báyọ̀dé sórí fóònù, ó ní, "Mi ò ní fẹ́ ẹlòmíì. Àmọ́ mi ò lè kúrò nílé láìjẹ́ pé Dádì gbọ́wọ́ lé mi lórí. Nítorí náà, lọ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ṣùkù ẹ."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Wọ́n ti gbé e sórí táǹkì omi inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní ó ti dé ipò rẹ̀."

Bí kò bá sí ti kànga Alhaji Abdulganiyy ni, bóyá ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ì bá kú sí. Alhaji yìí ni onílé kejì, ọ̀rẹ́ Bàbá, alátakò Bàbá, ẹni tí wọ́n jọ ń jiyàn láti ìgbà tí títì àdúgbò náà ti jẹ́ ẹrẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu kànga Alhaji, ó ní òun gbọ́ ohùn ẹ̀fọn nísàlẹ̀. Ó la ẹnu láti pe Alhaji kó wá wo ìwà ọ̀bùn rẹ̀. Ìkòkò dúdú onígi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dún "pòǹbú" nínú omi.

Alhaji wá, ó wo kànga, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Tí tanwíji bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, tábà ti pa á."

Báyìí ni Bàbá di ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìkòkò yẹn ló ń dí i lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun tí kò sọ̀rọ̀ sí. Ó bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí iyọ̀, ó bá adìẹ jà lórí ìyẹ́. Ó wá ìkòkò dé Ìkọ̀tún, ó wá a dé Ẹgbẹ́dá, ó wọkọ̀ dé Abúlé Ẹ̀gbá. Ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀ gbé èyí tó ń lo bátìrì fún un, ó ní kó máa gbé e sí iná bó bá ti kú.

"Tí wọn ò bá mú iná wá ńkọ́?"

"Ẹ máa dúró ni, Bàbá."

"Mo ti ń dúró de iná kí n tó lọ aṣọ," ni Bàbá wí. "Mi ò ní dúró dè é kí n tó mutábà."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Ràbíátù, ayálégbé tó ń gbé lẹ́yìn ilé, rí èéfín tó ń jáde láti fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Bàbá. Ìjẹ̀gùn, níbi tí páìpù epo ti gbiná rí, ni Ràbíátù ti kó wá, ará Ìjẹ̀gùn kì í sì í fi èéfín ṣeré. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé odindi garawa omi, ó dà á gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tún bù ú, ó tún dà á.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá jáde, omi ń kán láti fìlà dé sálúbàtà, ṣùkù àgbàdo wà lẹ́nu rẹ̀ gangan. Ìyàwó rẹ̀ ti sáré dé, Alhaji ti fo fẹ́ǹsì dé.

"Bàbá Ṣeun, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Mò ń ṣe àyẹ̀wò."

"Àyẹ̀wò kí ni?" ni Alhaji bi í.

Bàbá fa ìkòkò. Èéfín jáde. Ọwọ́ ló ti fi bo ẹnu ìkòkò náà nígbà tí omi ń dà, bí ẹni ń bo orí ọmọ tuntun. "Ẹ lọ sílé yín," ló wí. "Àyẹ̀wò náà ò tíì parí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ṣùkù náà dùn. Ó fúyẹ́ lẹ́nu, kì í gbóná bíi ti onígi, ó sì ń ta sánsán bí àgbàdo sísun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti pe nǹkan ní anùdí lójú àlejò, báwo ló ṣe máa jókòó sí pálọ̀ kó máa mu ún? Inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń mu ún, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó tún jẹ́ balùwẹ̀ ló sì wà nílé. Ṣeunfúnmi wá ń wẹ̀ nílé Alhaji kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ a máa kan ilẹ̀kùn: "Bàbá Ṣeun, ẹ gbé e wá síta. A ti mọ̀."

"Kí lẹ mọ̀?"

"A ti mọ̀ pé kì í ṣe inú ló ń run yín."

Ṣùkù kì í ṣe irin. Kò pẹ́ tí iná fi jẹ ìdí ìkòkò náà lu, tí ẹ̀ṣẹ́ná já bọ́ sórí síńgílẹ́ẹ̀tì Bàbá. Ó lè pe Báyọ̀dé, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní torí tábà kúnlẹ̀ fún ọmọ Ìjẹ̀bú. Ṣé àgbàdo ò sí ní Nàìjíríà ni? Ó lọ ra àgbàdo ní ọjà Ìṣẹ̀rí-Olófin, gbogbo ilé fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ẹ́ ní sísè àti ní sísun, ó sá ṣùkù wọn sórí páànù. Ó yá ohun ìlu-pákó Dáníẹ́lì káfíńtà, ó gbẹ́ wọn, ó fi ọ̀pá bọ ọ̀kan nínú wọn. Ó pe Alhaji kó wá jẹ́rìí. Ó ki tábà, ó ṣáná.

Tábà ò gbiná. Ìkòkò ló gbiná.

Nígbà tí iná náà kú, apá kan irunmú Bàbá ti bá a lọ. Alhaji jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ibi tó ṣẹ́ kù. "Ẹ̀gbọ́n, apá wo lẹ máa fá nínú méjèèjì?"

"Àgbàdo wa," ni Bàbá wí, "ti jíjẹ ni. Kò tíì kàwé débi tábà."

Ọjọ́ kejì ni fóònù Báyọ̀dé dún níbi iṣẹ́.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn náà bi í.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, sà. Báyọ̀dé ni."

"Báyọ̀dé wo?"

"Báyọ̀dé oníṣùkù, sà."

"Ẹn. Nǹkan tó o gbé wá níjọ́sí, ṣé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí ni, àbí ó láwọn àbúrò?"

Ọmọ oníṣòwò ni Báyọ̀dé. "Ó láwọn àbúrò, sà. Wọ́n pọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ṣeunfúnmi ńkọ́, sà?"

"Ọ̀rọ̀ ìkòkò là ń sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rọ ayélujára Jésùtóbi ló ń ṣe ségesège látìgbà tí a ti tọrọ ọmọ tí a ò rí gbà."

Bàbá fọwọ́ pa apá irunmú tó ṣẹ́ kù. "Ọmọ àwọn bàbá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́," ló wá wí. "Kó àwọn ará ilé ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé."

"Ẹ ṣeun, sà. Kí n kó ìkòkò méjìlá wá, sà?"

"Ta ló ní kó o kó méjìlá wá? Ọ̀kan. Bí ìyẹn bá ti jóná, mo pè ẹ́, wàá gbé òmíràn wá. Ìwọ fúnra ẹ. Má rán ẹnikẹ́ni."

Bí Báyọ̀dé ṣe fẹ́ Ṣeunfúnmi nìyẹn, tí Bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí, tí ọwọ́ kejì sì di ṣùkù mú. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, tó ń ṣàlàyé fún àlejò pé òun rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ojúlówó ni, àwọn ará ilé òun ni ò mọ ohun tó dára. "Ṣebí o wà níbẹ̀, Báyọ̀dé?"

"Mo wà níbẹ̀, sà," ni Báyọ̀dé á wí. "Ojú yín ò tilẹ̀ kúrò lára rẹ̀."

Nígbà tí ikọ́ dé, dókítà ní kí Bàbá mú ọ̀kan nínú tábà àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó yà gbogbo ènìyàn lẹ́nu pé ẹ̀dọ̀fóró ló mú. Ó kó tábà dànù lọ́jọ́ náà, ó kó ìṣáná fún ìyàwó rẹ̀, kò sì fi iná kan ìkòkò mọ́. Ìkòkò tuntun kan tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, òfìfo ló ń fi sẹ́nu. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí fóònù Báyọ̀dé fi dún.

"Báyọ̀dé, ìkòkò ti jóná o."

Báyọ̀dé gbé fóònù kalẹ̀, ó ń ronú. Ṣeunfúnmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ká aṣọ. "Ṣeun, ìkòkò tí kò ní tábà, tí kò rí iná, báwo ló ṣe ń jóná?"

"Ìgbà wo lo débẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ó ti jóná nìyẹn."

Ó gbé òmíràn lọ. Bàbá na èyí tó "jóná" sí i, funfun báláú, àfi bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú páálí jáde. Báyọ̀dé yí i sókè yí i sísàlẹ̀. "Eléyìí jóná gan-an ni, sà."

"Mo sọ fún ẹ." Wọ́n á jókòó, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ ìtàn ṣáláńgá kan tó wó mọ́ olóyè kan lábẹ́ nílùú kan, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ìkòkò tí kò rí iná ṣe ń jóná lóṣooṣù nìyẹn fún ọdún mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò rẹ́rìn-ín.

Bàbá sun oorun ọ̀sán kan, kò jí mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Èkìtì, wọ́n sin ín. Lẹ́yìn tí èrò ti túká ni páálí kan dé láti ọ̀dọ̀ Jésùtóbi, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún pé kó dúró. Báyọ̀dé gbé e kiri nínú búùtù ọkọ̀. Kò mọ ẹni tó máa gbé e fún, kò sì lè jù ú nù. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó máa pè é wá sí Ìgàndò mọ́.

Ní Sátidé kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Ìyá Ṣeunfúnmi wà ní pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n tó ti yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Báyọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé páálí sórí tábìlì.

Ìyá tú u. Ó yẹ ìkòkò náà wò, obìnrin tó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ bínú sí èéfín. Ó fi aṣọ nù ún, ó sì fi sẹ́nu, lófìfo. Ó fi eyín dì í mú, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ. Báyọ̀dé jókòó tì í. Wọ́n wo odindi ìròyìn tán.

"Báyọ̀dé," ni ìyá wí.

"Mà."

"Mo wo eléyìí, kò ní pẹ́ jóná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Báyọ̀dé wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Èéfín rẹ̀ tilẹ̀ ti ń ta mí lójú."