Ìlà Ọkọ̀ Níwájú Ilé Epo àti Ìbéèrè Alhaja

Lọ́jọ́ tí mo ṣí ọ́fíìsì mi n'Ìkẹ́rẹ́, Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ wọlé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi sọ ohun tó gbé wọn wá.

"Kẹ́mi, gbogbo owó ẹgbẹ́ wa la fẹ́ fi ra ṣíà ilé iṣẹ́ epo kan."

Iṣẹ́ alágbàtà ni mo ń ṣe. Èmi ni mo máa ń bá èèyàn ra ṣíà, ìyẹn ìpín kékeré nínú ilé iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n lè bá wọn jẹ nínú èrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ bánkì sílẹ̀ ni, ọkọ mi sì ń wò mí bí ẹni tó ń ṣeré. Ẹ wo irú oníbàárà tó wọlé yìí! Mo bi Alága pé kí ló dé tó fi jẹ́ ilé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n mú.

"O ò rí ilé epo wọn lọ́nà Adó ni? Ìlà ọkọ̀ ibẹ̀ kì í tán. Ibo ni àdánù fẹ́ gbà wọlé?"

Mo ní òótọ́ ni, sà. Ẹ má bínú sí mi, owó làádà tí mo máa jẹ níbẹ̀ ni mo ti ń ná lọ́kàn.

Kíláàsì kan tí wọ́n ti ń rí òkè Olósùnta láti ojú fèrèsé ni ẹgbẹ́ náà ti ṣèpàdé, èmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, owó yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ. Gbogbo ọwọ́ ti gòkè pé ká rà á nígbà tí Alhaja Sẹfíyà, tíṣà àtijọ́ tó ń ra kòkó báyìí, dìde.

"Ọmọ mi, ulé uṣẹ́ yìí, ṣé kì í yá owó elélé? Ẹ̀sìn mi ò gbà mí láyè."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alága ní, "Alhaja, epo là ń rà o, a ò pe àlùfáà."

Mi ò tíì ka ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ náà rárá! Ojú tì mí gan-an. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kó ohun tí wọn ò fẹ́ ká tètè rí sí. Gbèsè ló kún ibẹ̀. Èlé tí wọ́n ń san fún bánkì ju èrè tí wọ́n ń jẹ lórí epo lọ.

Nígbà tí mo padà dé ìpàdé, mo ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, mo fi gbèsè yẹn hàn wọ́n, mo ní kí wọ́n má rà á. Inú bí Alága.

"Ṣé o mọ̀ pé làádà rẹ lò ń gbé sọnù?"

"Mo mọ̀, sà."

Mo sọ fún wọn nípa ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ta gáàsì ìdáná, tí kò jẹ bánkì ní kọ́bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa rà á díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù owó ṣì wà nílẹ̀. Ariwo sọ. Alhaja tún dìde.

"Ẹni tó gbé owó ara rẹ̀ jù sílẹ̀ kí tiwa má bàa ṣègbé, òun lèmi á gbé tèmi fún."

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e nìyẹn.

Lọ́dún kejì, ilé iṣẹ́ epo yẹn kò pín nǹkan kan, ṣíà rẹ̀ sì já wálẹ̀ pátápátá. Ìlà ọkọ̀ ṣì wà níwájú ilé epo wọn o! Tiwa pín èrè. Lọ́jọ́ tó wọlé, fóònù ń dún káàkiri yàrá àwọn tíṣà, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Inú mi dùn, mo sunkún. Lọ́jọ́ kejì, Alága gbé iṣu ńlá mẹ́ta wá sí ọ́fíìsì mi.

"Kẹ́mi, uṣu rẹ rèé. Èmi ni mo ṣì í."

Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ ṣíà iná mànàmáná. Ó sọ ọ́ dídùn dídùn. Kò tíì parí tí Alága fi na ọwọ́ sókè.

"Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí Alhaja kọ́kọ́ béèrè tiwọn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Alhaja tún awò ojú wọn ṣe, wọ́n na ọwọ́ sí ọkùnrin náà.

"Gbé ìwé yín wá, ọmọ mi. Ẹ̀yìn la ti máa bẹ̀rẹ̀."