Ọjọ́ Tí Dùùrù Yadi ní Sabon Gari

Iná iwájú dùùrù náà ń tàn, ìka mi wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Gbogbo ìjọ wa ní Sabon Gari ti dìde láti kọrin. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un tẹ̀, mo pa iná rẹ̀, mo tún tàn án. Ó dákẹ́ bí ògiri. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, mo sì gbéra ga díẹ̀, nítorí èmi nìkan ni obìnrin tó ń tẹ dùùrù oníná ní àdúgbò wa.

Olórí akọrin gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Mo ti ń sọ ọ́ pé ọwọ́ arábìnrin yìí wúwo. Ó ti bà á jẹ́." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ aṣọ akọrin níbẹ̀, kí n lọ jókòó lẹ́yìn. Mo bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Àǹtí Ọwọ́-wúwo. Ìyá mi ní, "Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rẹ́ni bá ṣeré." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n òwe mìíràn ni mo gbé sáyà: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo bẹ pásítọ̀, mo gbé dùùrù náà sínú kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Kpakungu. Kò tilẹ̀ tú u. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi ihò tí wọ́n ń ki waya hẹ́ẹ̀dìfóònù bọ̀.

"Kai! Wá wò ó." Irin tíńtín kan ń dán nínú lọ́hùn-ún. "Ẹnu waya ló kán sínú ihò yìí. Dùùrù rò pé hẹ́ẹ̀dìfóònù ṣì wà létí ẹnì kan, ló fi gbé ohùn rẹ̀ pamọ́. Ta ló ń lò ó lọ́dọ̀ yín?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni. Olórí akọrin máa ń gbé tirẹ̀ kọ́rùn bíi dókítà. Bí bàbá náà ṣe fẹ́ yọ irin náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kàn kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́."

Ó wò mí. "Haba, ọmọ mi, ṣé ìjà ni?"

Mo gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ mi: gúlù díẹ̀ lórí ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan, tì í bọnú ihò, jẹ́ kó gbẹ, kí o sì rọra fà á.

Mo gbé dùùrù padà sí ìjọ, mo sì dúró di Ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn àgbà ìjọ láti ìlú mìíràn wá bẹ̀ wá wò. Mo ti ki igi náà bọ ihò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo jáde síwájú, mo fa irin náà yọ lójú gbogbo wọn, mo tẹ dùùrù, ó sì ké. Mo yíjú sí olórí akọrin. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí ẹnu waya hẹ́ẹ̀dìfóònù yín." Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi irin náà kan ẹnu waya tó kán. Wọ́n bára mu régí.

"Ó kán mọ́ mi lọ́wọ́ ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn," ni olórí akọrin wí. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Ìbá tó. Ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ bọ́ aṣọ akọrin níbẹ̀, sà. Ẹ lọ jókòó lẹ́yìn." Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì jáde. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Ìgbà náà ni ìyá olórí akọrin dìde láàárín àwọn àgbà obìnrin. Ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀, ó he aṣọ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ká a. Nígbà tó dé iwájú mi, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, tí o bá wa tún dùùrù ṣe."

Wọ́n ní olórí akọrin náà ń kọrin ní ìjọ kan ní àdúgbò Fadikpe báyìí. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lónìí, mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Òun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò tíì mọ èsì tí mo yẹ kí n fún ìyá rẹ̀.