Fẹ̀yìntọlá àti Olú Ara Ìtì Àràbà

Ní Kaboua, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin, bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, Fẹ̀yìntọlá ni gbogbo ilé ń gbé olú tí wọ́n já wá bá. Opó ni. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń mú un wọ igbó, tó sì kọ́ ọ pé ibi tí olú ti hù là ń kọ́kọ́ wò. Kò sẹ́ni tó tíì jẹ èyí tó fọwọ́ sí kí inú run ún.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti bí ọdún méjì. Ọwọ́ àti imú ló fi ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á pé bí wọ́n bá gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í ní ohunkóhun mọ́; yóò kàn di arúgbó tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ní ọdún 1978, nígbà tí ilé-ìwé ní oko tí àwọn ọmọ ń ro, olú bo ìtì àràbà kan tó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà. Barthélemy, olùkọ́ wọn, fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún wọn. Ó ránṣẹ́ pe Fẹ̀yìntọlá, Sakinatou ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ.

"Kámárádì Ìyá, ẹ káàbọ̀," ni Barthélemy wí, nítorí ìjọba ìgbà náà ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kámárádì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́.

"Èmi àti ìwọ ò jọ jókòó ní ilé-ìwé rí," ni Fẹ̀yìntọlá fèsì.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Fẹ̀yìntọlá nawọ́ sí ara ìtì. Olú náà tò léra wọn bí etí, wọ́n rọ̀, ẹsẹ̀ wọn kúrú, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti yọ. Ó fi ìka tọ àwọn ìlà tín-ín-rín abẹ́ wọn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ títí dé ara ẹsẹ̀. Ó gbóòórùn wọn. Wọ́n dára.

"Ṣé kí wọ́n máa já a?" ni Barthélemy bi í.

Ọ̀rọ̀ "bẹ́ẹ̀ ni" ti wà létè Fẹ̀yìntọlá. Ṣùgbọ́n ogójì ọmọ ni, ohun gbogbo tó bá funfun ni wọn yóò já. Tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ì bá ti yí ìtì náà ká. Ní báyìí, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé nìkan ló mọ̀.

"Ẹ dúró ná," ni ó wí. "Ojú mi ò ríran mọ́. Èyí tí mo fọwọ́ kàn nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí."

Sakinatou ló kọ́kọ́ lanu. "Abájọ tí ẹ kì í bú mi mọ́ pé mi ò mọ ilé gbá."

"Pa ẹnu mọ́, kí o yí ìtì yẹn ká. Kí lo rí?"

Sakinatou yí i ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ìdí ìtì, láàárín ewé gbígbẹ, ó rí mẹ́ta tó funfun. "Ẹsẹ̀ tiwọn gùn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti yọ. Àwọn ìlà abẹ́ wọn ò kan ẹsẹ̀. Ìdí wọn dà bí ẹni pé ó wọ àpò."

"Má fọwọ́ kàn wọ́n. Ikú nìyẹn."

Barthélemy wo àwọn méjèèjì. "Ìyá, ta ni kí n gbà gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ò ríran, àbí òun tí kò mọ olú?"

"Àwa méjèèjì. Já ti ara igi fún mi, èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Kí àwọn ọmọ dúró di ọ̀la, torí èyí tó burú kì í tètè jà."

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá sè é nílé, Sakinatou bu tirẹ̀ nínú abọ́ kan náà láìgbàṣẹ, ó sì jẹ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Barthélemy dúró sẹ́nu ọ̀nà oko. Nígbà tó rí wọn lókèèrè, Sakinatou níwájú, ọwọ́ Fẹ̀yìntọlá léjìká rẹ̀, ó ní kí àwọn ọmọ dáná.