Bẹ́ǹṣì Kíláàsì Kẹrin

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ Àìkú tí wọ́n gbé olóògbé Ọ̀ṣìnúbí, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Àtàn-Ọ̀tà, jáde tòun ti bẹ́ǹṣì tó jókòó lé.

Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù bí olú ni. Ìjọ tí kò tíì kọ́lé a máa ya kíláàsì lò fún ìsìn. Ọ̀ṣìnúbí kì í gba owó. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ yóò máa lò lọ́jọ́ iṣẹ́ ló ń gbà dípò, torí pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń jókòó kọ̀wé. Ìjọba ti ṣèlérí àga fún wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn.

Pásítọ̀ Jabez gbà pé bí ìjọ òun bá ń lọ, bẹ́ǹṣì yóò dúró. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́lé tán, ó gbàgbé. Wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí Ọ̀ṣìnúbí wọlé, tó fìdí lé bẹ́ǹṣì tó kù.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbé e.”

“Ẹ gbé e. Ṣé mo dì yín lọ́wọ́ ni?”

Ọkùnrin mẹ́rin gbé e tòun ti bàbá. Ní ẹnu géètì, àwọn ọlọ́kadà ń pàtẹ́wọ́, Ọ̀ṣìnúbí ń juwọ́ sí wọn bí ọba. Ojú ti Pásítọ̀, ó ní kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà.

“Ẹ rọra o,” ni Ọ̀ṣìnúbí wí. “Kíláàsì kẹrin ni mò ń lọ.”

Ẹfúnkẹ́, igbákejì rẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yẹn. Ní ọjọ́ Ajé ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dójú tì mí.”

“Ojú tìrẹ lò ń rò. Ìdí àwọn ọmọ ni èmi ń rò.”

Alfa Múdàṣírù, tó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wá fẹ̀sùn kàn án pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá rìn.

“Òótọ́ ni, Alfa. Àwọn ló ń mú bẹ́ǹṣì wá. Ó ń dùn mí fún yín.”

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Alfa ti kó tirẹ̀ dé, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ti borí.

Nígbà tí àìsàn dá ọ̀gá dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ní Ọ̀tà, Ẹfúnkẹ́ bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ ìjókòó àwọn àlejò.

“Bá mi bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n ń lo ìyẹn lọ́jọ́ iṣẹ́.”

Ẹfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Kíláàsì kẹrin ṣì ku ìlà ẹ̀yìn,” ni bàbá wí. Kò pẹ́ tó fi jáde láyé.

Ẹfúnkẹ́, tí kì í lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, wá wọ ilé iṣẹ́ kan ní Sango. Ó bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù, títí ọkùnrin náà fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kó wọn lọ. Káfíńtà Àyàntúndé fi wọ́n kan bẹ́ǹṣì ìlà tó kù.

Lọ́jọ́ ìwọlé, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin dìde kí Ẹfúnkẹ́.

“Ẹ jókòó.”

Wọ́n jókòó. Títí dé ẹ̀yìn, kò sí ẹni tí ìdí rẹ̀ kanlẹ̀. Ẹfúnkẹ́ wò wọ́n, bí ẹni tó ń bá olóògbé wò wọ́n.

“Ẹ dìde.” Wọ́n dìde. “Ẹ jókòó.”

Àwọn ọmọ rò pé àwọn kò kí i dáadáa ni. Wọ́n tún kí i, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.