Gálọ́ọ̀nù Ọ́ìlì Tí Bàbá Ganí Lọ Rà ní Ìbàdàn

"Àríkẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì kankan sí i o, àfi tí mo bá dé!"

Ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá Ganí, ọkọ mi, ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ní ìdíkọ̀ rélùwéè Ọ̀fà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967. Fèrè ti dún. Mo ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ rọra o." Wọ́n tún la ẹnu, ṣùgbọ́n ariwo irin ò jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ìka sápá ilé wa. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ wọn tó wà lójúde ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ohùn tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu wọn nìyẹn.

Ẹni tí kò mọ Ràímì Àkànbí, ọkọ mi, lè bú wọn, kó ní kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ tàbí ti ilé ni wọ́n fi dágbére fún ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Gbogbo ilé wa ló wà nínú ọ́ìlì yẹn.

Rélùwéè ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mi, ní nǹkan bí ọdún 1951, bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró ní Ọ̀fà, wọ́n á bọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agolo ẹlẹ́nu gígùn, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti ń yí. Èyí tó bá gbóná, wọ́n á fún un ní ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ki bí oyin. Mo fọ aṣọ wọn títí, òórùn rẹ̀ ò lọ. Abdulganiyu, àkọ́bí wa, bí ó bá ń ké, tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lára bàbá rẹ̀, á dákẹ́.

Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, etí ni wọ́n ní. A lè máa jẹun lọ́wọ́ kí ọkọ̀ ojú irin máa kọjá, wọ́n á dá òkèlè dúró. "Wáágùnù kan ń sunkún lẹ́yìn yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ." Lọ́jọ́ kejì a ó gbọ́ pé wáágùnù kan gbóná lójú ọ̀nà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n fi rélùwéè sílẹ̀. Wọ́n fi gbogbo owó tí wọ́n ní ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan tí ẹlòmíì ti lò rí, wọ́n ń fi í gbé èrò lọ sí Ìjàgbó, tèrò tàpò ànàmọ́. Èmi ò jókòó níwájú rẹ̀ rí, nítorí èrò ló ń jókòó níbẹ̀. Bí mo bá ráhùn, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, àyè iwájú ti tà. Lọ́jọ́ kan, ìwọ nìkan ni n ó gbé, o ó jókòó bí ìyàwó dókítà, a ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ ní Ìjàgbó."

Èmi á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí orí àpò ànàmọ́ jókòó ná."

Nígbà tó tó àsìkò láti pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ náà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ni wọn ì bá bi, àwọn tó ti fi ọ́ìlì bọ́ ọkọ̀ ojú irin? Wọ́n wá èyí tó ki jù lọ rà. Wọ́n ní, "Ohun tó gbé odidi ọkọ̀ ojú irin, ṣé ọkọ̀ kékeré yìí ni kò ní í lè gbé?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Nígbà tí oòrùn ṣì ń mú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rọra ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú wọn ń dùn.

Ọyẹ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, epo pupa ti dì nínú ìgò mi bí ọṣẹ. Bàbá Ganí fi irin yí ẹ́ńjìnnì náà níwájú títí òógùn fi bò wọ́n nínú òtútù. Àwọn èrò ń pariwo pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tó dún, wọn ò dúró kó gbóná, wọ́n wà á lọ. Wọn ò tíì dé Ìjàgbó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wálé.

Jacob ló tú u. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ìdíkọ̀. Ó fi àwọn irin inú rẹ̀ han ọkọ mi. Irin ti jẹ irin.

"Bàbá Ganí, ọ́ìlì kún ìsàlẹ̀ fọ́fọ́. Kò gòkè ni. Ọ̀nà tó ń gbà kéré bí ihò abẹ́rẹ́, ọ́ìlì tiyín sì ti dì."

"Ṣé èmi ni mo pa á?"

Jacob ń nu ọwọ́.

Àwọn dírẹ́bà ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Bí wọ́n bá ti rí ọkọ mi, wọ́n á ké pé, "Ràímì rélùwéè! Ọmọ Ọ̀fà, ìjàkadì tí o bá ọ́ìlì jà ńkọ́, ta ló dá ta?"

"Ọ́ìlì ló dá mi. A ó tún jà á."

Ọkọ mi padà sí ìdíkọ̀ rélùwéè, ẹrù ni wọ́n ń rù níbẹ̀ báyìí, níṣojú àwọn tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wá irin tí Jacob fi ń tún ẹ́ńjìnnì náà tò. Nílé, wọ́n gba àwo tánganran mi. Wọ́n á kán ọ́ìlì oríṣiríṣi sí i, wọ́n á gbé e sínú ọyẹ́, wọ́n á gbé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣàn. Lọ́sàn-án wọ́n á tún gbé e sóòrùn.

"Bàbá Ganí, àwo tí mo fi ń jẹun nìyẹn o."

"Àríkẹ́, ojú àwo yìí ni ẹ́ńjìnnì wà."

Mo gbé ìgò epo pupa mi tó ti dì síwájú wọn. Mo ní, "Ohun tó ṣe eléyìí náà ló ṣe ọ́ìlì yín." Wọ́n wò ó títí.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà náà?"

"Ta ló bi mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

Jacob ṣàlàyé fún wa pé ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, tí inú rẹ̀ ti fẹ̀, lè fara da ọ́ìlì tó ki díẹ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò, tí irin rẹ̀ fún mọ́ra, tí kò tíì mọ ara wọn, tinrin ló ń fẹ́, èyí tí yóò tètè gòkè. Ṣùgbọ́n kó má tinrin jù, kí oòrùn má sọ ọ́ di omi. Ojú àwo mi ni wọ́n ti rí èyí tó ṣe méjèèjì, látinú ìsàlẹ̀ agolo tí awakọ̀ kan gbé ti Ìbàdàn bọ̀. Kò sí irú rẹ̀ ní Ọ̀fà nígbà náà. Àwọn dírẹ́bà fọwọ́ kàn án, wọ́n ní omi ni.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Jacob ní ó ku nọ́ọ̀tì díẹ̀ tí òun yóò fi sípánà fún, lẹ́yìn náà ọ́ìlì ló kù. Bàbá Ganí ní ọjọ́ tó bá dún ni àwọn yóò gbé mi lọ sí Ìjàgbó, níwájú. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn.

Ajíbádé, gáàdì ọkọ̀ ojú irin tí òun pẹ̀lú wọn jọ ṣiṣẹ́ rí, ló wá sílé wa. Mo rí agolo léjìká rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Ìyá Ganí, ẹ jókòó."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Ẹ jókòó ná, mo bẹ̀ yín."

Bàbá Ganí ti ra ọ́ìlì náà. Wọ́n sùn sílé ìbátan wọn, wọ́n ní àyà ń dun àwọn, wọn ò jí kírun àsùbá. Àwọn ìbátan náà sin wọ́n sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Mi ò rí ojú wọn.

Mo wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Jacob wá kí mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Ìyá Ganí, ṣé kí n dà á sí i?"

Mo ní, "Jọ̀ọ́, dúró kí n jáde. Mi ò fẹ́ kó dún kí n má sí níbẹ̀."

"Kò burú, mà. N ó dúró."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àlàájì Sàláwù, kò fẹ́ dúró. Àwọn fúnra wọn gbé agolo ọ́ìlì dúdú kan wá, wọ́n ní kí ọkọ̀ náà máa ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Opó kì í jáde, mo bá ké látinú yàrá.

"Àlàájì, mo bẹ̀ yín, ẹ má dà á!"

"Àríkẹ́, ebi ni o fẹ́ máa fi pa àwọn ọmọ ni? Ọ́ìlì ni gbogbo ọ́ìlì."

"Àbúrò yín náà sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi..." Kò sí ẹni tí a ó bi mọ́.

Mo gbọ́ tí Àlàájì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Wọ́n sọ fún àwọn tó bá wọn wá pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ ló ń ṣe." Wọ́n gbé agolo wọn lọ.

Kí n tó jáde opó, ọ̀rọ̀ ogun ti gbòde. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ọkọ̀ tún ṣe fún àwọn ológun, Jacob sì bá wọn lọ. Kò ráyè dágbére fún mi, ìyá rẹ̀ ló wá sọ. Mẹkáníìkì méjì ti yẹ ọkọ̀ náà wò láti ìgbà náà. Èkíní ní ọ́ìlì inú agolo yẹn tinrin jù, òun á po èyí tó ki mọ́ ọn. Èkejì ní òun ò lè fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíì kò tíì fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Mo ń ta ànàmọ́ ní ìdíkọ̀, àwọn ọmọ ń jẹun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo máa ń nu eruku àga iwájú. Adìyẹ ti yé sábẹ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Jacob kò tíì dé. Agolo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. A ò tíì da ọ́ìlì sí ọkọ̀ Bàbá Ganí.