Ìyá Ń Jó Ní Adido

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ̀rù iná, ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ tiná bọ igbó?"

Kámárádì Dieudonné, òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun rán wá sí Ṣábẹ̀ láti máa wo oko, ló bi Suzanne léèrè bẹ́ẹ̀. Opó ni Suzanne. Igi kajú tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní abúlé Adido nìkan ló fi ń jẹun. Ó ní, "Ọmọ mi, koríko tí mo bá jó báyìí tó ṣì tutù nídìí, kí ni iná ọdẹ máa rí jẹ nígbà ọyẹ́?" Dieudonné ní òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn náà nìyẹn.

Bó ṣe máa ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, á ro etí oko yíká, á gbá ewé kúrò nídìí igi, á sì pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró. Òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń tiná bọ koríko náà, kí afẹ́fẹ́ tó le. Iná á máa wọ́ nílẹ̀ jẹ́ẹ́. Tó bá dé ibi tí wọ́n ro, tó kú, Suzanne á jó díẹ̀. Gbogbo wa la mọ ijó náà. Wọ́n á ní iná kú, Suzanne jí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, afẹ́fẹ́ yí padà lójijì. Iná tó ti fẹ́ kú dìde, ó mú Suzanne ní ìṣẹ́tí ìró. Norbert, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó dúró lápá kejì, ló kọ́kọ́ rí i. Ó kígbe pé, "Ìyá ń jó! Ìyá ń jó!"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó máa jó, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Wọ́n ń wò ó nínú èéfín, bó ṣe ń fò sókè, tó ń yí, tó ń ju apá. Bachirou, ọ̀kan nínú wọn, pàtẹ́wọ́ sí i.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i.

Hélène, ìyàwó Bachirou, ló gbọ́ pé ẹkún wà nínú ohùn Norbert. Ó sáré wọ inú èéfín, ó fi ọwọ́ lásán fa ìró náà ya kúrò lára ìyá. Suzanne yè. Igi kajú kan kò jó. Ṣùgbọ́n ìka Hélène kákò, kò lè di ọkọ́ mú mọ́.

Nígbà tí Suzanne lè rìn, oko Hélène ló gbọ́kọ́ lọ. Bachirou bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá, ẹ fi sílẹ̀, a ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Ìwọ kọ́ ni mo jẹ ní gbèsè."

Ọdọọdún ló ń kọ ebè Hélène kó tó kọ tirẹ̀. Àárín iṣẹ́ náà ni ikú bá a. Ebè Hélène ku díẹ̀ kó parí.