Suẹ́tà Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í rí ihò kí wọ́n má dí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ní ìlú Rosenberg lókè òkun, aṣọ ni wọ́n fi ń dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n á ní, "Kí atẹ́gùn má baà kọlu ọmọ yìí."

Nígbà tí òtútù dé, ọkọ mi ra sítóòfù tó ń jó kóró igi, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fún pọ̀ bíi hóró àgbàdo. Ó dá ògiri lu, ó fi páìpù gba ibẹ̀ síta, kí iná lè máa rí atẹ́gùn fà. Ó jó dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, iná kàn ń kú, èéfín ń bo ilé. Ọkọ mi bú ẹni tó tà á lórí fóònù. Ó tún yíjú sí ìyá rẹ̀ tó ń gbọ̀n: "Màámi, suẹ́tà tí a rà fún yín dà?"

"Ooru ń mú mi."

Èmi náà dá sí i. À ń bá ìyá wí bí ọmọdé.

Ní Sátidé, ọkọ mi lọ yẹ ẹnu páìpù wò lóde. Suẹ́tà náà ló fà yọ.

Màámi ní, "Mo fọwọ́ kan páìpù yẹn, ó tutù bíi yìnyín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọmọ sì ń sùn."

Ọkọ mi ò lè gbójú sókè. Suẹ́tà tí èmi wọ̀ wá ń jó mi lára.